Láti Ọ̀fàdà dé Ìkẹjà, láti Ìkẹjà dé London, èwo ló jìnnà jù?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ ẹ má tíì dá mi lóhùn. Láti Ọ̀fàdà dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà, ọ̀nà náà ò pé 50 kìlómítà. Láti Ìkẹjà yẹn dé ìlú London, ó tó 5,000 kìlómítà. Èwo ló jìnnà jù nínú méjèèjì? Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ní London ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá bi ẹni tó ń gbé Mowé, tó ti gbé àpótí rẹ̀ sínú mọ́tò rí lọ́jọ́ Ẹtì, Fúráídeè, tó ṣáájú nínú oṣù, ẹ ó rí i pé á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó fèsì.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí jáde ni pé àwọn tó ń rìnrìn àjò lágbègbè wa ti pọ̀ jọjọ. Ẹ wo Ìbàfò, ẹ wo Mowé, ẹ yà sí Ọ̀fàdà, ilé tẹ́ ẹ ó dé tẹ́ ò ní í rí òbí tọ́mọ ẹ̀ wà ní London, Manchester, Houston tàbí Toronto ò pọ̀ mọ́. Àwọn kan ń lọ tọ́jú ìyá ọlọ́mọ, àwọn kan ń lọ kàwé, àwọn kan sì ti pinnu pé àwọn fẹ́ẹ́ jápa pátápátá. Gbogbo wọn ló mọ iye tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì mọ iye wákàtí tí bàálù máa lò lójú ọ̀run. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣírò ni ìrìn tó wà láàárín ẹnu ọ̀nà ilé wọn sí ẹnu ọ̀nà bàálù. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò, ibẹ̀ lomijé sì ti ń bọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e láti ojú ọ̀run ná. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ fi ìka kan tẹ ibi tẹ́ ẹ pè ní Èkó, ẹ fi ìkejì tẹ ibi tẹ́ ẹ pè ní London, kẹ́ ẹ wá na òwú láàárín méjèèjì kó le dan-in dan-in. Ojú ibi tí òwú yẹn gbà lára ọsàn lọ̀nà tó kúrú jù, òun náà sì lọ̀nà táwọn awakọ̀ òfurufú máa ń fẹ́ẹ́ tọ̀. Ayé rí roboto bí ọsàn, ìdí nìyẹn tí ìlà tẹ́ ẹ bá fi rúlà fà sórí máàpù pẹlẹbẹ kì í fi í sábà bá ọ̀nà bàálù mu. Bàálù tó ń ti Amẹ́ríkà lọ sí Japan, apá òkè lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alaska, níbi tí yìnyín wà, ló máa ń gbà. Ẹni tó bá ń wo máàpù á rò pé awakọ̀ ti ṣìnà ni.

Ti Èkó sí London tiẹ̀ rọrùn láti ṣírò, kódà ẹni tó ń ta gààrí lè fi bébà ìwé pélébé ṣe é. Àwọn onímọ̀ pín ilẹ̀ ayé láti àárín gbùngbùn ẹ̀ dé ṣóńṣó orí ẹ̀ lápá àríwá sí ọ̀nà 90, digírì ni wọ́n ń pè é. Digírì kan gùn tó nǹkan bí 111 kìlómítà. Èkó wà ní nǹkan bíi digírì mẹ́fà àtààbọ̀, London wà ní nǹkan bíi digírì 51 àtààbọ̀. Ẹ yọ tibí kúrò nínú tọ̀hún, ó ku 45. Ẹ wá fi 45 sọ 111 di púpọ̀, 4,995 lẹ máa rí. Nítorí pé London fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí Èkó gan-an, tó kàn yẹ̀ díẹ̀ sápá ìwọ̀-oòrùn, ìṣirò yẹn bá òótọ́ mu. Gbogbo àyíká ayé sì jẹ́ nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Èyí ni pé ẹni tó bá ti Èkó lọ sí London ti rin ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo àyíká ayé. Àlọ àtàbọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyá arúgbó tó jókòó sórí ìjókòó tó fi aṣọ bora títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ti rìn jìnnà o!

Bàálù ńlá máa ń sá tó 850 sí 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan, tó bá ti dúró dáadáa lójú ọ̀run. Bẹ́ ẹ bá fi ìyẹn pín 5,000, ó jẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí kó dín díẹ̀. Àmọ́ bàálù kì í fò láti ojú kan bí ẹyẹlé. Á rọra yí lórí ilẹ̀, á tò sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tó bá sì dé ojú ọ̀run London, wọ́n tún lè ní kó máa yípo kí àyè tó ṣí sílẹ̀ fún un. Òun ló fi jẹ́ pé bíi wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbéra n'Ìkẹjà láago mọ́kànlá alẹ́ nígbà tóorùn bá ń ràn lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló máa balẹ̀, torí aago wa àti tiwọn bára mu lásìkò yẹn. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù wọn, wọ́n máa ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, aago mẹ́rin ààbọ̀ ló sì máa bá lára ògiri.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Èkó sí New York tó nǹkan bí 8,400 kìlómítà. Àlọ máa ń tó wákàtí mọ́kànlá, àbọ̀ sì sábà máa ń dín sí i. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ líle kan máa ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Bí bàálù bá ń bọ̀ nílé, á máa tì í lẹ́yìn, bó bá ń lọ, á máa ta kò ó, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń bá ìṣàn odò lọ àtèyí tó ń wọ́ ọkọ̀ ẹ̀ lòdì sí i. Aago wọn tún máa ń fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa. Ẹni tó gbéra láago mọ́kànlá alẹ́, tó lo wákàtí mọ́kànlá gbáko, aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa sọ fún un pé ó lù. Á wá máa bá àwọn ará ilé fọ́nnu pé wákàtí márùn-ún péré lòun lò. Irọ́ aago nìyẹn, kì í ṣe irọ́ bàálù.

Ẹ má sì rò pé ojú ọ̀run ò ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiẹ̀. Bàálù tó ń ti Èkó lọ sí London, orí ilẹ̀ Niger àti Algeria ló sábà máa ń gbà kó tó sọdá òkun sí Yúróòpù. Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, lẹ́yìn táwọn sójà ti gbàjọba ní Niger, wọ́n ti ojú ọ̀run orílẹ̀-èdè wọn pa. Àwọn bàálù kan tó ti gbéra ní láti ṣẹ́rí padà, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yí gba ibòmí-ìn. Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n tó ṣí i. Ṣáájú ìgbà náà, ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan lọ́jọ́ 15, oṣù kẹrin ọdún kan náà ti dí ọ̀nà táwọn alálàájì wa ń gbà lọ sí Jeddah. Ìrìn tí wọ́n ti mọ̀ sí nǹkan bíi wákàtí márùn-ún wá gùn sí i, àwọn iléeṣẹ́ bàálù sì béèrè àfikún owó. Mẹ́kà ò sún kúrò níbi tó wà o, ọ̀nà ló yí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun náà lọ̀rọ̀ tiwa níhìn-ín.

Àwọn bàbá wa tó lọ kàwé nílùú ọba láyé ọjọ́un, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Ẹ bi àwọn àgbà tó mọ Àpápá dáadáa léèrè ọkọ̀ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951, tí wọ́n sì dá dúró lọ́dún 1974. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ló máa ń lò láàárín Liverpool àti Èkó, yóò sì máa yà láwọn èbúté bíi Freetown. Ọjọ́ 13 jẹ́ wákàtí 312. Ẹ fi mẹ́fà àtààbọ̀ pín in, ẹ ó rí i pé bàálù fi ìlọ́po 48 yá jù ú lọ. Àmọ́ ohun kan wà tí ọkọ̀ Aureol fi dáa ju ìrìn òde òní lọ: ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wọ̀ ọ́ ò ní láti la bíríìjì Kára kọjá láago méje alẹ́.

Ó wá ku ọ̀nà tiwa. Ọdún 1978, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, gígùn ẹ̀ sì lé ní 127 kìlómítà. Nígbà yẹn, abúlé tó wà láàárín igbó ni Mowé àti Ìbàfò, àwọn ará Ọ̀fàdà sì ń gbin ìrẹsì wọn ní jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó rò pé Èkó á kún títí táá fi ya wọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Lọ́dún 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé ọ̀nà náà fún iléeṣẹ́ Bi-Courtney pé kó tún un ṣe, ìjọba sì gbà á padà lóṣù kọkànlá, ọdún 2012. Oṣù keje, ọdún 2013 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí iṣẹ́ mí-ìn níbẹ̀: Julius Berger gba apá Èkó sí Ṣágámù, RCC gba apá Ṣágámù sí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jẹ̀yà, tí wọ́n á ti apá kan pa, tí gbogbo mọ́tò á máa fún ara wọn mọ́ apá kejì. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ sòótọ́ á gbà pé ọ̀nà náà ti dáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dáa ò ní kí mọ́tò má pọ̀.

Ẹ wo ohun tó wà lórí ẹ̀. Tánkà epo àti tírélà tó ń ti Àpápá lọ sókè Ọya, ibẹ̀ ni. Àwọn tó ń gbé Mowé tó ń ṣiṣẹ́ n'Ísàlẹ̀ Èkó, ibẹ̀ ni. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú nínú oṣù, ìsìn Holy Ghost máa ń wà ní Redemption City. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀, Sátidé tó ṣáájú, àwọn Mountain of Fire náà máa ń gbàdúrà ní Prayer City lápá Ìbàfò. Nígbà tó bá di oṣù kẹjọ tí Ridíìmù ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn, àti oṣù Disẹ́ńbà tí wọ́n ń ṣe Congress, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àdúrà o, àwa náà ń gbà á. Mo kàn ń sọ pé mọ́tò ò mọ ẹni tó ń lọ ṣèsìn yàtọ̀ sí ẹni tí bàálù ẹ̀ máa gbéra láago mọ́kànlá.

Èyí tó burú jù ni bíríìjì gígùn tí gbogbo èèyàn ń pè ní Long Bridge. Ẹni tó bá ti gorí ẹ̀, tí tánkà kan wá takú níwájú, kò síbi tó lè yà sí. Lọ́jọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 2018, tánkà epo kan gbiná lẹ́bàá bíríìjì Ọ̀tẹ́dọlá. Mọ́tò tó lé ní àádọ́ta ló jóná, èèyàn mẹ́sàn-án sì bá a lọ. Lójú ọ̀run, bí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, awakọ̀ á yí gba ibòmí-ìn. Lórí Long Bridge, ibo lẹ fẹ́ẹ́ yí sí? Inú odò?

Ìyá kan l'Ọ̀fàdà sọ tiẹ̀ fún mi. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló bímọ ní London, bàálù aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n sì ti ra sílẹ̀ fún un kó lè lọ wẹ ọmọ tuntun. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló kúrò nílé, ó gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà sápò, ó di ìrù mọ́ inú ọ̀rá mẹ́ta kó má baà rùn. Tánkà ṣubú níwájú wọn. "Ọmọ mi," bó ṣe wí fún mi nìyẹn, "gbogbo ìgbà lọmọ yẹn ń pè mí. 'Màámi, ibo lẹ dé?' Mo ní a wà lórí bíríìjì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó tún pè, 'Màámi, ibo lẹ dé báyìí?' Mo ní bíríìjì náà ni. Nígbà tó yá, mi ò gbé e mọ́, ojú ń tì mí, bí ẹni pé èmi ni mo ṣubú sójú ọ̀nà." Aago mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó dé Ìkẹjà. Wọ́n ti ti káńtà. Wọ́n ní kó san owó lé owó kí wọ́n tó lè yí ọjọ́ padà, àyè tó sì wà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n bí ọmọ náà ló tó wọlé dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti kó ọmọ jáde lánàá ẹ̀. Orúkọ tí màmá fẹ́ẹ́ fún ọmọ-ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́, orí fóònù ló ti sọ ọ́, láti pálọ̀ ẹ̀ l'Ọ̀fàdà, tí nẹ́tíwọọ̀kì ń já lọ já bọ̀. Ó ní, "Mo lówó tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní físà, ara mi le. 50 kìlómítà ni ò jẹ́ kí n gbé ọmọ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ orúkọ ẹ̀." Ẹ̀yin èèyàn wa, owó tó san padà lẹ́ẹ̀kejì, á rí òmíràn. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ, ta ló lè ra ìyẹn padà?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ gé e mọ́ ara ògiri. Ẹ̀yìn lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ má kà á láti iwájú. Bàálù á gbéra láago mọ́kànlá alẹ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ló máa ń ti káńtà ní wákàtí kan ṣáájú, ìyẹn aago mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ tó kọjá lára àwọn tó ń yẹ ẹrù wò, àwọn ìmígíréṣọ̀n àti àwọn tó ń wo ara yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ẹ nílò tó wákàtí mẹ́ta. Aago méje ló yẹ kẹ́ ẹ ti wà nínú ọgbà. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dáa, láti Mowé dé ibẹ̀ lè má pé wákàtí kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ tó dáa ṣírò. Ọjọ́ tí tánkà ṣubú ni kẹ́ ẹ fi ṣírò. Ẹ fún ọ̀nà ní wákàtí márùn-ún, kẹ́ ẹ kúrò nílé láago méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá wá láti inú Ọ̀fàdà gan-an, kó fi wákàtí kan kún un nítorí ọ̀nà Mowé sí Ọ̀fàdà. Bó bá jẹ́ Fúráídeè tó ṣáájú, Sátidé tó tẹ̀lé e, tàbí ọ̀sẹ̀ ìpàdé ńlá, ẹ sùn sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí n'Ìkẹjà lánàá ẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, kì í ṣe òun ló máa san owó tíkẹ́ẹ̀tì kejì.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun náà, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá tàbí bàbá yín, ẹ má wo owó tó dín nìkan. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ìjọ Mowé àti Ìbàfò kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ rántí pé bí èèyàn ò bá wọ bàálù àlọ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló máa ń pa tàbọ̀ rẹ́ mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀ wálé wá rí baba tó ń ṣàìsàn, ẹ má sọ fáwọn ará ilé pé wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ lẹ ó fi dé. Èyí tó bá balẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sàn kó sùn n'Ìkẹjà, kó gbéra ní kùtùkùtù, ju kó wọ òkùnkùn ọ̀nà náà lọ.

Ìjọba náà ò lè fọwọ́ lẹ́rán. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021, tó gùn ní 157 kìlómítà, apá Agbádó, Kájọlà, Papaláńtò àti Abẹ́òkúta ló gbà. Kò gba ojú márosẹ̀ wa. Èyí ni pé gbogbo èrò tó wà láti Berger dé Mowé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ìjọba Ògùn àti ti Èkó ní láti jókòó, kí wọ́n la àwọn ọ̀nà inú tó so Ọ̀fàdà àti Mowé mọ́ apá Agbádó, kí wọ́n da ọ̀dà sí wọn, kẹ́ni tó bá rí i pé márosẹ̀ ti dí lè ríbi yà sí. Ọkọ̀ tó ń wọ́ tánkà tó takú, ẹ̀bá Long Bridge ló yẹ kó máa wà tọ̀sán-tòru, kì í ṣe pé tánkà ti ṣubú tán ká tó máa wá a kiri. Owó ẹ̀ ò lè pọ̀ tó èyí tí gbogbo wa ń pàdánù.

Ó yá, ẹ lè wá dáhùn ìbéèrè mi báyìí. London ló jìnnà jù lórí máàpù, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n 5,000 kìlómítà tí a mọ wákàtí tí a ó fi rìn ín, ó sún mọ́ ni ju 50 tí a ò mọ ìgbà tí a ó dé. Ẹ tètè gbéra o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó bá tètè dé pápákọ̀, tó jókòó fún wákàtí mẹ́rin, orúnkún nìkan ló máa dùn ún. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.